Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Lórí Adágún

Bàbá mi ló ya adágún náà.
Ọdún tí wọ́n bí mi ni, ní Fukuoka,
nínú yàrá àjà kẹta tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.
Apá Kẹta Atukọ̀ Òru ni wọ́n ń ṣe nígbà náà.
Àwọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ni ẹ̀rọ gbà;
ó fi mẹ́sàn-án nínú wọn ṣe omi.

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Kuramochi, adágún yìí ti tóbi jù.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ọmọ tó dé èbúté?
Kí ni yóò máa ṣe?"
Bàbá mi ní, "Yóò máa wo omi."

Àwọn ọmọ sì wo omi.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná,
okùn géèmù nà láti ọwọ́ wọn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n
bí okùn ẹran tó ń wá koríko.
Ìyá pè wọ́n wá jẹun, wọn ò dáhùn.
Ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀.

Èmi náà dàgbà, mo wọ ilé-iṣẹ́ kan náà.
Apá Kọkànlá kò tà.
Ọdún mẹ́fà la fi ṣe é, ó jókòó sórí pẹpẹ ìtajà
bí àlejò tí a ò fún lómi.
Wọ́n ní, "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.
Ẹ wo inú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀,
ta ni ẹ rí tó gbé tẹlifíṣọ̀n dání?"
Òótọ́ ni.
Ta ni òótọ́ ṣe lọ́rẹ̀ẹ́ rí?

A sọ Atukọ̀ Òru di ohun àpò.
Ọwọ́ méjì di àtàǹpàkò kan.
Ọkọ̀ tí à ń fi bọ́tìnnì mẹ́rin tù tẹ́lẹ̀
di ohun tí à ń fọwọ́ nù bí eruku.
Wọ́n wá fi mí sídìí iye owó.
Èmi, ọmọ Kuramochi,
ni mo kọ ọ́ pé kí ọkọ̀ sinmi wákàtí mẹ́jọ
lẹ́yìn ìrìn márùn-ún,
àyàfi ẹni tó bá san ọgọ́fà yen.
Ìdúró tí bàbá mi fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ,
mo lẹ owó mọ́ ọn, mo gbé e lọ sọ́jà.

Nígbà tí mo sọ fún un, kò bínú.
Ó ń bó ọsàn lọ́wọ́. Ó ní,
"Wákàtí mẹ́jọ? Ìwọ gan-an jù mí lọ."
Ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà n kò lè gbé itọ́ mì.

Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ìbànújẹ́ fi ẹnu mi purọ́.
Fusae, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní òdìkejì ilé wa,
kò fọwọ́ kan géèmù rí láyé rẹ̀.
Ní aago mẹ́ta òru, ó ń tu ọkọ̀ wa
títí agogo aláìsàn yóò fi tún dún.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí làkúrègbé ti ká ní ìka,
àtàǹpàkò kan tó ṣẹ́kù ló fi gba èbúté keje.
Ó pè mí lóru ọjọ́ náà:
"Ọmọ, kí ló wà lẹ́yìn òkè yẹn?"
Ilẹ̀kùn wa àtijọ́ kò gbà wọ́n wọlé rí.

Mo fi nǹkan kan pamọ́ síbẹ̀. N kò sọ fún ọ̀gá.
Bí o bá dé adágún, tí o kò fọwọ́ kan ojú fóònù rárá,
ọkọ̀ náà yóò dá lọ,
àwọ̀ mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko.
Kò ní gba kọ́bọ̀.

Láràárọ̀ mo máa ń yẹ ìṣirò wò.
Àìmọye èèyàn ló ń fọwọ́ nu omi kọjá.
Lánàá, mọ́kànlélógójì ló jókòó dé òdìkejì.
N kò mọ orúkọ wọn.
Ọ̀kan wà níbẹ̀, fóònù àtijọ́ ni, ládùúgbò wa,
a gúnlẹ̀, a padà, a tún gúnlẹ̀.
Mo mọ òórùn ọsàn tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.